Ta Ló Kọ Ọ́ Sára Ògiri? Ibi Tí Àwọn Ìkọ̀wé Ìta Gbangba Ti Ń Wá

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló bi mí ní ìbéèrè tó fa ọ̀rọ̀ yìí. A wà nínú ọkọ̀ ní Ṣómólú, sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ dá wa dúró, ó sì ń ka gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ bá bà lé jáde. Ó ka pátákó ṣọ́ọ̀ṣì. Ó ka ẹ̀yìn dáńfó. Lẹ́yìn náà ló ka ara ògiri ilé alájà kan tí wọ́n fi ọ̀dà pupa kọ ọ̀rọ̀ sí gàdàgbà: THIS HOUSE IS NOT FOR SALE. BEWARE OF 419. Ó ní S tó wà nínú SALE kọjú sí òdì. Ó tún ronú díẹ̀.

"Àǹtí, ta ló ní òun fẹ́ rà á?"

Mo la ẹnu, n kò rí nǹkan kan sọ. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú ni mo ti ń rí ọ̀rọ̀ yẹn káàkiri Èkó, n kò béèrè rí. Mo bá àwọn ọ̀rẹ́ mi sọ ọ́. Ọ̀kan ní òun rò pé ìjọba ló ń kọ ọ́. Òmíràn ní ilé tí wọ́n bá ti kọ ọ́ sí lára, ẹjọ́ rẹ̀ wà ní kóòtù nìyẹn. Ẹnì kẹta, tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, ní tòun yàtọ̀: ta ni Kilroy tí òun rí orúkọ rẹ̀ lára ògiri ilé ìtọ̀ kan níbẹ̀? Mo rí i pé àwa àgbà náà ò mọ̀, a kàn ti dẹ́kun bíbéèrè ni. Ìdí nìyẹn tí mo fi jókòó to àlàyé yìí.

Kí ni ìkọ̀wé ara ògiri?

Ọ̀rọ̀, orúkọ tàbí àwòrán ni, tí èèyàn kọ tàbí ha síbi tí gbogbo ayé ti lè rí i: ògiri, ojú títì, abẹ́ afárá, ara ọkọ̀ ojú irin, ẹ̀yìn àga nínú bọ́ọ̀sì. Graffiti ni àwọn Òyìnbó ń pè é. Èdè Ítálì ni wọ́n ti mú ọ̀rọ̀ náà, ohun tó sì túmọ̀ sí níbẹ̀ kò ju "ohun tí a ha" lọ, nítorí ìṣó àti ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń kọ ọ́ tipẹ́tipẹ́.

Ẹni tó kọ ọ́ lè jẹ́ onílé fúnra rẹ̀, ó sì lè jẹ́ àlejò òru tí kò gba àyè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó pa gbogbo wọn pọ̀ ni pé kò sábà sí orúkọ gidi nídìí rẹ̀ tí o lè fi wá ẹni tó kọ ọ́ lọ. Ibẹ̀ ni ìdàrúdàpọ̀ ti ń bẹ̀rẹ̀.

Tí a bá ní "ta ló kọ ọ́?", ìbéèrè méjì ló wà nínú rẹ̀. Ronú nípa irun dídì. Onídìrí kan wà ní àdúgbò kan tó kọ́kọ́ di irun kan. Kí ọdún tó yí po, gbogbo ọjà ti dì í. Ẹni tó ń wá onídìrí àkọ́kọ́ ń wá nǹkan kan. Ẹni tó ń béèrè ìdí tí gbogbo obìnrin fi fẹ́ irun náà ń wá nǹkan míì. Bẹ́ẹ̀ náà ni ti ògiri. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ ọ̀rọ̀ kan sábà máa ń ní ìdí tirẹ̀, ìdí kékeré tó jẹ mọ́ iṣẹ́ tàbí ìfẹ́ tàbí ẹ̀rù. Àwọn tó gbà á kọ lẹ́yìn rẹ̀ ní ìdí tiwọn.

Ìgbà wo ni èèyàn ti ń ṣe é?

Ibi tó dára jù láti wò ni Pompeii, ìlú kan ní Ítálì lẹ́bàá òkè Vesuvius. Ní ọdún 79 lẹ́yìn ìbí Jésù, òkè náà bú gbàmù, eérú gbígbóná sì bo ìlú mọ́lẹ̀. Eérú kan náà tó pa àwọn èèyàn ibẹ̀ ló tọ́jú ògiri wọn fún wa. Ìgbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú ìlú náà jáde ní ọdún 1748, ọ̀rọ̀ wà lára ògiri gbogbo. Iye tí wọ́n ti kà níbẹ̀ títí di òní lé ní 11,000.

Kí ni wọ́n kọ? Ohun tí àwa náà ń kọ. Orúkọ olólùfẹ́, èébú, iye owó ọjà, "ẹ dìbò fún lágbájá." Àwọn ìpolówó ìbò ní àwọn akọ̀wé tó ń fi í ṣe iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́, tí wọ́n ń jáde kọ ọ́ lóru nígbà tí títì bá dá. Ọ̀kan nínú wọn, Aemilius Celer, fi orúkọ ara rẹ̀ sí i, ó ní òun nìkan ni òun kọ ọ́, nínú ìmọ́lẹ̀ òṣùpá. Mo fẹ́ràn ọkùnrin yẹn. Gbogbo ẹni tó ti lẹ fọ́tò olóṣèlú mọ́ ògiri lóru rí ní Ìbàdàn tàbí Abẹ́òkúta, iṣẹ́ Aemilius ló ń ṣe.

Ọkùnrin míì, Gaius Pumidius Dipilus, ha á sára ògiri pé òun wà níbẹ̀ ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹwàá, ọdún 78 ṣáájú ìbí Jésù. Òkè kò tíì bú títí di àádọ́jọ ọdún ó lé lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí náà, "lágbájá wà níbí" tí àwọn ọmọ ilé ìwé ń kọ sí ẹ̀yìn kíláàsì ti lé ní 2,000 ọdún láyé. Àwọn ará ìlú náà rí i pé ó ti pọ̀ jù, torí ẹnì kan kọ ẹsẹ ewì kan tí wọ́n ti bá ní ibi tó ju ẹyọ kan lọ. Ohun tó sọ ni pé: ìwọ ògiri, ó yà mí lẹ́nu pé o kò tíì wó, pẹ̀lú gbogbo ìsọkúsọ àwọn òǹkọ̀wé tí o rù.

Ìkọ̀wé Pompeii tó ṣe pàtàkì jù fún àwọn onímọ̀ lẹ́nu ọdún mélòó kan yìí kò ju ìlà èédú kan lọ. Ọdún 2018 ni wọ́n rí i nínú ilé kan tí wọ́n ń tún ṣe lọ́wọ́ nígbà tí òkè bú. Ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá ló wà níbẹ̀. Ohun tí gbogbo ìwé ti ń sọ ni pé ọjọ́ 24 oṣù Kẹjọ ni òkè bú. Èédú kì í pẹ́ lára ògiri. Aṣọ tó bá fara kàn án ti pa á rẹ́. Tí a bá wá rí èédú oṣù Kẹwàá lábẹ́ eérú, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ọdún yẹn gan-an ni wọ́n kọ ọ́, á jẹ́ pé lẹ́yìn oṣù Kẹjọ ni òkè bú. Àwọn kan ṣì di oṣù Kẹjọ mú, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí lébìrà kan, tí kò ronú kàn wá rárá, fi èédú ọwọ́ rẹ̀ dá sílẹ̀.

Ta ni Kilroy?

Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, gbogbo ibi tí ṣójà Amẹ́ríkà bá dé ni wọ́n ti ń rí ọ̀rọ̀ mẹ́ta kan: "Kilroy was here." Kilroy wà níbí. Àwòrán orí pípá kan máa ń wà pẹ̀lú rẹ̀, tó ń yọjú lórí ògiri, tí imú rẹ̀ gùn kọjá sí ìsàlẹ̀, tí ọmọ ìka rẹ̀ gbá ògiri mú. Ó wà ní Yúróòpù, ó wà ní àwọn erékùṣù Pàsífíìkì. Ṣójà á dé ibi tó rò pé òun ni ẹni àkọ́kọ́ tó dé ibẹ̀, á bá Kilroy níbẹ̀.

Ní ọdún 1946, lẹ́yìn ogun, ẹgbẹ́ àwọn tó ń bójú tó ọkọ̀ èrò ní Amẹ́ríkà gbé ìdíje kan kalẹ̀ lórí rédíò: kí Kilroy tòótọ́ jáde wá, kí ó mú ẹ̀rí dání, àwọn á fún un ní odindi ọkọ̀ ojú irin ìgboro kan. Ọ̀pọ̀ ọkùnrin ló jáde. Ẹni tó gba ẹ̀bùn náà ni James J. Kilroy, tó ṣiṣẹ́ nígbà ogun ní ibi tí wọ́n ti ń kan ọkọ̀ ojú omi ní Fore River, ìlú Quincy, ìpínlẹ̀ Massachusetts.

Iṣẹ́ rẹ̀ ni kíkà. Ìgbà yẹn, ìṣó irin ńlá ni wọ́n fi ń kan ara ọkọ̀ ojú omi pọ̀, iye ìṣó tí òṣìṣẹ́ bá sì kàn ni wọ́n fi ń sanwó fún un, bí a ṣe ń sanwó fún àwọn tó ń mọ búlọ́ọ̀kù níye búlọ́ọ̀kù. Kilroy á wá, á ka ìṣó, á fi ẹfun sàmì síbi tó kà dé. Ṣùgbọ́n bó bá ti yí ẹ̀yìn padà báyìí, àwọn kan á nu ẹfun náà kúrò kí alábẹ̀wò tó ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ lè tún ìṣó kan náà kà, kí owó lè di ìlọ́po méjì. Nígbà tó rí i, ó pa ẹfun tì. Ó mú kiréyọ̀n, èyí tí kò ṣeé fi ọwọ́ nù, ó sì kọ ọ́ gàgàrà sẹ́gbẹ̀ẹ́ iṣẹ́ tó ti kà: Kilroy was here.

Ohun tó fi gbajúmọ̀ kò sí lọ́wọ́ rẹ̀ rárá. Ogun ń gbóná, wọn kò ráyè kun gbogbo inú ọkọ̀ kí ó tó jáde sójú òkun. Nítorí náà, ṣójà á ṣí ibi kọ́lọ́fín kan nínú ọkọ̀, ibi tí ẹnikẹ́ni kò tíì dé láti ọjọ́ tí wọ́n ti kàn án pa, á sì bá orúkọ ọkùnrin kan níbẹ̀. Ronú ohun tí ìyẹn á ṣe sí ọ̀dọ́kùnrin tí ẹ̀rù ogun ń bà. Ẹnì kan ti ṣáájú mi débí, kò sì sí ohun tó ṣe é. Wọ́n mú orúkọ náà dání sọ̀ kalẹ̀, wọ́n ń kọ ọ́ síbi gbogbo tí ẹsẹ̀ wọn bá tẹ̀. Fún Kilroy, àmì iṣẹ́ ni. Fún àwọn ṣójà, ìtùnú ni.

Àwòrán orí pípá ní ibòmíràn tó ti wá. Ìlú Ọba ni wọ́n ti ń yà á, Chad ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, wọ́n sì máa ń fi í ráhùn ọ̀wọ́n oúnjẹ ìgbà ogun: kò sí ṣúgà mọ́ kẹ̀? Àwọn ṣójà orílẹ̀-èdè méjèèjì pàdé, orúkọ ti ọ̀kan lẹ̀ mọ́ ojú ti èkejì, a kò sì rí wọn yà mọ́. Àwọn kan wà tí wọn kò gbà pé James Kilroy ni ẹni àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó mú àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ wá jẹ́rìí, èmi sì gba ìtàn rẹ̀ gbọ́ torí bó ṣe kéré tó. Ẹni tó bá fẹ́ purọ́ ní láti pa irọ́ tó ju kíka ìṣó lọ. Ó gba ọkọ̀ ojú irin rẹ̀, ó gbé e sí àgbàlá fún àwọn ọmọ rẹ̀ mẹ́sàn-án láti máa ṣeré nínú rẹ̀. Bí o bá dé ibi ìrántí ogun náà ní Washington, èyí tí wọ́n ṣí ní ọdún 2004, wọ́n gbẹ́ ojú Kilroy sára òkúta níbi méjì tó farasin.

Kí ló dé tí èèyàn á fi máa kọ orúkọ ara rẹ̀ káàkiri ìlú?

Irú èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń fi ọ̀dà kọ sára ògiri àti ọkọ̀ lónìí, Philadelphia ló ti bẹ̀rẹ̀, ní Amẹ́ríkà, lẹ́yìn ọdún 1965. Ọmọkùnrin aláwọ̀ dúdú kan, Darryl McCray, wà ní ilé ìtọ́sọ́nà àwọn ọ̀dọ́. Kò yéé yọ àwọn tó ń dáná níbẹ̀ lẹ́nu pé kí wọ́n ṣe búrẹ́dì àgbàdo bí ìyá rẹ̀ àgbà ṣe ń ṣe é, ni wọ́n bá sọ ọ́ ní Cornbread. Ó gba orúkọ náà, ó ń kọ ọ́ sára ògiri. Ìgbà tó jáde, ó rí ọmọbìnrin kan tó wù ú, ó kọ ọ́ káàkiri àdúgbò pé Cornbread fẹ́ràn Cynthia. Ní ọdún 1971, ìwé ìròyìn gbé e ní àṣìṣe pé wọ́n ti pa Cornbread. Kí ayé lè mọ̀ pé òun wà láàyè, ó wọ ọgbà ẹranko lọ, gẹ́gẹ́ bí òun fúnra rẹ̀ ṣe máa ń sọ ọ́, ó sì kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ erin.

Ọdún yẹn kan náà, ní New York, àwọn èèyàn ń bi ara wọn léèrè ohun tí TAKI 183 jẹ́. Ó wà ní gbogbo ibùdó ọkọ̀ ojú irin. Ní ọjọ́ 21 oṣù Keje, ọdún 1971, ìwé ìròyìn New York Times tú u sí gbangba: ọ̀dọ́kùnrin kan tí ìdílé rẹ̀ wá láti Gríìsì ni, Taki ni àpèkúrú orúkọ rẹ̀, òpópónà 183 ló ń gbé. Iṣẹ́ ìjíṣẹ́ ló ń ṣe, ó ń gbé ìwé kiri ìlú, ìyẹn ló fi wà níbi gbogbo. Òun náà rí i lára ẹlòmíràn tó ń kọ JULIO 204. Ìgbà tí ìròyìn yẹn jáde, àwọn ọ̀dọ́ rí i pé ẹni tí kò ní nǹkan kan lè di ẹni mímọ̀ pẹ̀lú kálámù kan. Ọ̀dà bo àwọn ọkọ̀ ojú irin New York fún ọdún méjìdínlógún, títí di ọjọ́ 12 oṣù Karùn-ún, ọdún 1989, tí àwọn aláṣẹ kéde pé àwọn ti nù ún tán.

Ṣé orúkọ nìkan ni?

Rárá. Ní Sydney, ní Ọsirélíà, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni, "Eternity", ayérayé. Bí àwọn èèyàn bá jí lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á bá a lórí ilẹ̀ ẹ̀gbẹ́ títì, tí wọ́n fi ẹfun kọ, ní irú ọwọ́ ìkọ̀wé dídán tí wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ilé ìwé àtijọ́. Odidi ọdún mẹ́rìnlélógún ni ìlú kò fi mọ ẹni tó ń kọ ọ́.

Arthur Stace ni orúkọ rẹ̀. Inú ìṣẹ́ ni wọ́n bí i sí, àwọn òbí rẹ̀ jẹ́ ọ̀mùtí, òun náà sì di ọ̀mùtí títí ó fi fi ayé rẹ̀ fún Jésù ní ọdún 1930. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1932, ó gbọ́ ìwàásù kan lórí ayérayé, oníwàásù ní ó wu òun kí òun pariwo ọ̀rọ̀ náà sí gbogbo òpópónà Sydney. Stace jáde, ẹfun wà nínú àpò rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó kọ ọ́. Ó ní agbára káká ni òun fi lè kọ orúkọ ara òun, síbẹ̀ ọ̀rọ̀ yẹn jáde geere. Láti ọjọ́ náà, ó ń jí ní ìdájí láti lọ kọ ọ́, fún nǹkan bí ọdún márùndínlógójì, wọ́n sì ṣírò rẹ̀ sí ìlàjì mílíọ̀nù ìgbà. Ní ọdún 1956, pásítọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì tí Stace ti ń tún ilẹ̀ ṣe rí i tó bẹ̀rẹ̀ tó ń kọ ọ́. Àṣírí tú. Ó kú ní ọdún 1967. Ìgbà tí ọdún 2000 wọlé, ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn, ní ọwọ́ ìkọ̀wé rẹ̀, ni wọ́n fi iná kọ sára afárá ńlá Sydney fún gbogbo ayé láti rí.

Ti São Paulo ní Brasil kò lọ́rọ̀ ẹ̀mí nínú. Láàárín àwọn ọdún 1970, tí àwọn ológun ń ṣèjọba níbẹ̀, ọ̀rọ̀ kan bo ògiri àti òkúta ẹ̀bá ọ̀nà: "Cão Fila K26." Àwọn kan fura pé àdììtú àwọn alátakò ìjọba ni. Ajá ni. Ọkùnrin kan tó ń sin ajá irú Fila ní kìlómítà 26 ojú ọ̀nà kan lẹ́yìn ìlú ló ń polówó ọjà rẹ̀. Bí o bá ti rí "ẹ kàn sí bàbá oníṣègùn, jẹ̀díjẹ̀dí, 0803…" lára ògiri rí, o ti rí ọmọ ìyá rẹ̀.

Ta wá ni ó kọ THIS HOUSE IS NOT FOR SALE?

Ìjọba kọ́. Onílé ni, tàbí ẹnì kan nínú ẹbí onílé, tó ń bẹ̀rù pé wọ́n fẹ́ ta ilé náà lẹ́yìn òun.

Nọ́ńbà 419 jẹ́ ti abala kan nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn Nàìjíríà, abala tó sọ̀rọ̀ nípa fífi irọ́ gba nǹkan lọ́wọ́ ẹlòmíràn. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é sórí ilé rèé. Onílé wà ní Amẹ́ríkà tàbí Lọ́ńdọ̀nù, ilé ṣófo tàbí ó ku ayálégbé kan. Ẹnì kan á gba kọ́kọ́rọ́ lọ́nà kan tàbí òmíràn, á ṣe ìwé ayédèrú, á mú èèyàn mẹ́ta wá wo ilé lọ́jọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, á gbowó lọ́wọ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ọjọ́ tí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá kó ẹrù dé ni wọ́n máa pàdé ara wọn.

Ẹ̀ka kejì náà wọ́pọ̀, ìyẹn sì ni ti inú ẹbí. Bí bàbá bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ní àṣà Yorùbá, ilé rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ pọ̀, dáwódù sì di olórí. Ọmọ kan kò lè dá a tà. Bí ẹnì kan nínú ẹbí bá tà á láìjẹ́ pé olórí ẹbí fọwọ́ sí i, òfin kò ka títà náà sí rárá. Bí olórí ẹbí bá sì dá a tà láìbá àwọn àgbà inú ẹbí sọ ọ́, àwọn yẹn lè gba kóòtù lọ láti yí i padà. Òfin wà báyìí, ṣùgbọ́n ẹjọ́ á gba ọdún, ọ̀dà kò gba ju ọ̀sán kan lọ. Ìdí nìyẹn tí ọmọbìnrin tí wọ́n fojú di nínú ẹbí, tàbí opó tó wà nínú ilé pẹ̀lú àwọn ọmọ, á fi ra ọ̀dà. Kí ẹnikẹ́ni tó bá ń bọ̀ wá ra ilé lè kà á kí ó tó sanwó.

Bí ẹ bá bi mí níbi tó ti wá gan-an, ààlè ni màá sọ. Àwọn bàbá wa kò kọ ọ̀rọ̀ sára nǹkan tí wọ́n kò fẹ́ kí wọ́n jí. Wọ́n á so àkísà, kùùkù àgbàdo tàbí bàtà tó ti gbó mọ́ ìdì igi tàbí ègé ilẹ̀ oko, wọ́n á sì bá tiwọn lọ. Ààlè kì í dárúkọ ẹni tó pa á, kò sì ní ẹ̀ṣọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ohun tó fún un lágbára ni pé ẹni tó rí i mọ ohun tó túmọ̀ sí, ó sì mọ̀ pé ojú ẹnì kan wà lára nǹkan yẹn. Ọ̀dà pupa yẹn ń ṣe iṣẹ́ kan náà. Gbogbo ẹni tó bá kọjá lójú títì di ẹlẹ́rìí.

Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe gbé ju agbára rẹ̀ lọ lé e lórí. Ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo nínú ìjà ló ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹni tó fẹ́ gba ilé lọ́wọ́ arábìnrin rẹ̀ náà lè kọ ọ́. Ilé tí wọn kò kọ nǹkan kan sí lára kò sì tíì di ilé tó mọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ra ilé ní Èkó gbọ́dọ̀ lọ wádìí rẹ̀ níbi tí wọ́n ń tọ́jú ìwé ilẹ̀ sí ní Aláùsá, kí ó sì bá gbogbo ẹbí jókòó.

POST NO BILL ńkọ́? Àmì X ńkọ́?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé bíìlì iná tàbí ti omi ni. Ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, bill ni ìwé ìpolówó tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ògiri. "Má lẹ nǹkan mọ́ ibí" ló túmọ̀ sí, láti Ìlú Ọba ló sì ti tẹ̀ lé àwọn Òyìnbó wá. BY ORDER tó máa ń wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí lábẹ́ "má tọ̀ síbí", èdè pátákó ìkìlọ̀ tiwọn náà ni. Níbẹ̀, orúkọ ẹni tó pàṣẹ máa ń tẹ̀ lé e. Lọ́dọ̀ wa, orúkọ ti já bọ́, àṣẹ ló kù.

Àmì X pupa yàtọ̀ sí gbogbo ohun tí mo ti sọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba ló sábà máa ń kọ ọ́, àwọn tó ń mójú tó ilé kíkọ́ àti ètò ìlú, ọjọ́ tàbí àpèkúrú orúkọ iléeṣẹ́ wọn sì máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó túmọ̀ sí pé ilé náà rú òfin tàbí pé wọ́n fẹ́ wó o. Bí ẹ bá rí i lára ilé tí ẹ ń gbé, ẹ má dúró de onílé kí ó tó sọ fún yín. Ẹ lọ béèrè ní ọ́fíìsì tí ẹ bá rí orúkọ rẹ̀.

Báwo lèèyàn ṣe lè mọ ọjọ́ orí ìkọ̀wé kan?

Ẹ wo ohun tí wọ́n fi kọ ọ́. Ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fún jáde, ọdún 1949 ni wọ́n ṣe é ní Amẹ́ríkà, nítorí náà kò sí ìkọ̀wé ọ̀dà agolo tó jù ú lọ. Ẹ wo nọ́ńbà fóònù: èyí tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 0803 kò lè ṣáájú oṣù Kẹjọ ọdún 2001, ìgbà tí fóònù GSM ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sí wa. Ẹ wo èyí tó wà lábẹ́ èyí; ohun tí wọ́n kọ nǹkan míì lé lórí ló dàgbà jù. Ẹ wo ọwọ́ ìkọ̀wé. Akọ̀wé pátákó kì í ṣi S kọ.

Ọ̀nà tó yá jù ni kí èèyàn béèrè. Ọjọ́ Sunday tó tẹ̀ lé e, mo mú ọmọ náà padà sí Ṣómólú. A súnmọ́ ògiri náà. Ọ̀dà pupa ti ń ṣí, a sì rí i pé ọ̀rọ̀ kan náà wà lábẹ́ rẹ̀ tí wọ́n ti fi ọ̀dà búlúù kọ tẹ́lẹ̀. Ìyá àgbà kan ń ta ẹ̀pà níwájú ilé. Ọmọ náà kúnlẹ̀ kí i, ó sì bi í ní ìbéèrè tó bi mí.

"Àwọn àbúrò bàbá onílé," ni Màmá dá a lóhùn. "Ọdún tí bàbá kú, wọ́n mú èèyàn wá wọn ilé. Ìyàwó rẹ̀ ni kò gbà fún wọn. Kò dúró de ẹni tó máa bá a kọ ọ́. Ó ní kí ọmọ òun kọ ọ́ sí ìwé fún òun, ó gun àga, ó ń wo ìwé, ó ń dà á kọ. Ìgbà tó ṣí, èmi gan-an ni mo di àga mú nígbà tó tún un kọ."

"Ṣé kò mọ̀wé ni, Màmá?"

"Kò mọ̀ ọ́n, ọmọ mi."

Ọmọ náà lọ síbi ògiri. Ó fi ìka tọ S tó kọjú sí òdì, láti òkè dé ìsàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wá èyí tó wà lábẹ́ rẹ̀, ti ọ̀dà búlúù. Òun náà kọjú sí òdì.